Ẹ Mú Un, Ẹ Má Bèèrè

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kí ó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó fi í sílẹ̀. Ó ṣojú mi kòró. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹnu mi yìí gan-an ló fà á. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tí yóò gbàdúrà lé mi lórí lọ́jọ́ tí mo bá kú.

Àwọn tó mọ̀ mí ní Sinapalo mọ̀ pé ìbúra ńlá nìyẹn. Èmi Brihida ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣíwájú àdúrà òkú ní abúlé wa. Bí ènìyàn bá kú, wọn á ránṣẹ́ pè mí kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ń gba Rósárì fún òkú, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí mo ń wò nínú ìwé. Orí mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í fo ọ̀kan, n kì í gé ọ̀kan kúrú. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Tan Brihida, ìyẹn Ìyá Brihida, bá fẹ́ sọ pé "ẹ káàárọ̀," ilẹ̀ á ti ṣú kó tó parí rẹ̀. Inú mi a máa dùn sí i, kí n má parọ́. Mo rò pé bí ènìyàn bá ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sí ohun tó lè ṣe é.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, Nieves. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá wa kú. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. N kò lọ́kọ, n kò bímọ, òun ni ọmọ mi. Nígbà tó fẹ́ Eliseo, ọmọ Luta, erékùṣù wa yìí, tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, inú ilé mi náà ni wọ́n ń gbé, ní yàrá onípáànù tó wà lẹ́yìn. Oyún mẹ́ta ló bàjẹ́ mọ́ Nieves lára nínú yàrá yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kẹta bàjẹ́, ìjì ń jà. Ó ká páànù kúrò lórí wa. Òjò ń rọ̀ sí i lójú níbi tó gbé ń jẹ̀rora, mo sì ń fi ọwọ́ lásán bo ojú rẹ̀.

Nígbà tó lóyún ẹ̀kẹrin, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, n ò ní bí eléyìí sábẹ́ páànù."

Ilẹ̀ wà. Wọ́n ti fún Eliseo ní ilẹ̀ kan létí igbó, níbi tí òkúta funfun ti yọrí láàárín igi. Ó ti kó bíríkì jọ. Ó ti kó irin jọ. Ó kù kí ó gé igi. Ibẹ̀ gan-an ni kannakánná méjì lọ kọ́ ìtẹ́ sí.

Kannakánná tiwa kò ní funfun láyà. Ó dúdú láti ẹnu dé ìrù. Inú igbó ló ń gbé, kì í wá sí ààtàn, aláriwo sì ni. Ó ti ń tán lọ lórí ilẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá kọ́ ìtẹ́ sí ilẹ̀ rẹ, òfin ní o kò gbọdọ̀ gbé àdá sókè títí ọmọ rẹ̀ yóò fi fò lọ. Ọmọbìnrin kan láti ọ́fíìsì ẹranko igbó wá so ríbọ́nì pupa mọ́ àwọn igi náà yí ká. Ó ti so ó lọ́dún tó ṣáájú. Ó tún so ó lọ́dún yẹn.

Tun Gorio, bàbá àgbàlagbà tí oko ànàmọ́ rẹ̀ bá ilẹ̀ náà pààlà, kò jẹ́ kí Eliseo sinmi. Á jẹ púgwà, èso tí àwọn àgbà wa ń jẹ bí obì, á tu itọ́ pupa sílẹ̀.

"Eliseo! Ẹyẹ yẹn ti kọ́lé tán, ìwọ ṣì ń to bíríkì. Ṣé kó wá kọ́ ẹ níṣẹ́ ni?"

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín, Tun Gorio."

"N ò fi ẹ́ ṣẹ̀sín o. Ìyàwó ẹyẹ ò sùn níta, tìẹ ńkọ́?"

Ẹ̀rín ni bàbá náà ń rín. Eliseo kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì ló wá bá mi. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan imú rẹ̀ bí a ti ń kí àgbà, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ gbé ìtẹ́ yẹn kúrò níbẹ̀."

"Kí o gbé e lọ síbo?"

"Sórí igi míì, nínú lọ́hùn-ún. N ò ní pa wọ́n."

"Òfin ńkọ́?"

"Ṣé òfin ló lóyún ni?"

Mo fa ọwọ́ mi yọ.

"N ò mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ kí ẹ tó wọgbó," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ẹ bá mi sọ ọ́."

Ní Luta, kò sí ẹni tó ń ṣàdédé wọgbó. Bí ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́, wàá kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ Àwọn Ará Ìṣáájú, àwọn tó ni ilẹ̀ kí a tó bí bàbá ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà nínú igi ọdán. Ọ̀rọ̀ kúkúrú wà fún ẹni tó ń kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ gígùn wà fún ẹni tó fẹ́ mú nǹkan, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe akàn. Ìyá-ńlá mi tó máa ń já ewé ló kọ́ mi ní ti gígùn.

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Mo mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n òjò ọjọ́ yẹn ni mo rí, lójú Nieves.

Ọ̀sán gangan la lọ, nítorí pé ọmọbìnrin ọ́fíìsì máa ń lọ jẹun nígbà náà. Atẹ́gùn kò fẹ́. Oòrùn dúró sórí wa ṣánṣán. Mo dúró létí igbó, mo ká ọwọ́ mi sí àyà, mo sọ ọ́ bí wọ́n ti kọ́ mi, n kò fo nǹkankan.

"Ẹ̀yin Ìyá-ńlá, ẹ̀yin Bàbá-ńlá, ẹ jẹ́ kí a wọ ilẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a mú díẹ̀ nínú ohun tó jẹ́ tiyín. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ tèmi náà, ohun tó bá wù yín nínú ohun tó jẹ́ tèmi, ẹ mú un, ẹ má bèèrè."

Ẹ wò ó, bí a ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ewé lásán ni a máa ń fi í mú.

Eliseo gun igi. Àwọn ẹyẹ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí wa, wọ́n ń já wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n á yọ wá lójú. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú ìtẹ́ náà. Kò tíì hu ìyẹ́ tán. Ẹnu rẹ̀ pupa, òun náà ń ké. Eliseo fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé ìtẹ́ náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e wọ inú lọ títí a fi dé ìdí ọdán ńlá kan. Ariwo náà ń tẹ̀lé wa. Etí mi ń hó.

Ó ń gbé ìtẹ́ náà sí àárín ẹ̀ka méjì nígbà tí igbe ọmọ ẹyẹ náà dúró. Lójú ẹsẹ̀, tàwọn òbí rẹ̀ náà dúró. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pa rédíò. Mo gbójú sókè. Wọn kò lọ. Wọ́n wà lórí ẹ̀ka, ẹnu wọn ṣí, ọ̀fun wọn ń lọ sókè sódò. Wọ́n ń ké, ṣùgbọ́n kò sí ohùn.

"Ó ti kú," Eliseo ní.

"Kí ló kú?"

"Ọmọ ẹyẹ. N ò mọ ìgbà tó kú, Ẹ̀gbọ́n. N ò fún un lọ́rùn."

Ó gbé e sínú ìtẹ́ náà síbẹ̀, ó fi ọwọ́ tún un ṣe bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. A jáde.

Ọmọbìnrin ọ́fíìsì wá lọ́jọ́ kẹta. Ó wo igi náà, ó wò mí.

"Màmá, ta ló wá síbí?"

"Atẹ́gùn ni," mo ní. Èmi tí mò ń gbàdúrà lé òkú lórí.

Ó lóṣòó, ó ń tú ríbọ́nì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní gbogbo apá igbó yẹn, ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n rí lọ́dún náà. Ríbọ́nì kan bọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Mo mú un. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, àwọn kannakánná méjèèjì ń wá sórí ilé mi. Ọ̀sán ni wọ́n ń wá. Wọ́n á bà lé páànù, ẹ ó gbọ́ èékánná wọn, ká-ká-ká, lẹ́yìn náà ẹ kò ní gbọ́ nǹkankan mọ́. Wọ́n á yanu. Wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á máa wo ẹnu ọ̀nà. Tun Gorio rí wọn lọ́jọ́ kan.

"Brihida, ẹyẹ tó láriwo jù ní Luta ló wá bà lé ọ lórí tó dákẹ́ yìí? O ò jẹ́ kí wọ́n rí àyè sọ̀rọ̀ ni!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde.

Abúlé bá Eliseo kọ́ ilé náà. Ní oṣù mẹ́fà, ògiri ti dúró, kọnkéré ti bò ó lórí. A kó lọ síbẹ̀, èmi náà bá wọn lọ nítorí ìkúnlẹ̀ Nieves. Ní ọ̀sán ọjọ́ kọkànlá ni ọmọ mú un, kíákíá, kí Eliseo tó rí mọ́tò tí yóò gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ti gbẹ̀bí rí. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo gbọ́ èékánná lórí kọnkéré lókè, mo sì sọ fún ara mi pé n kò gbọ́ ọ.

Obìnrin ni. Ó jáde wẹ́rẹ́, ó pupa, ó gbóná, ó ń ta ẹsẹ̀. Ó ya ẹnu rẹ̀. Mo rí ahọ́n rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò.

Kò sí ohùn.

Mo gbá a nídìí. Mo nu ẹnu rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń lọ dáadáa, ó ń sunkún pẹ̀lú gbogbo ara, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ohùn. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ. Ó ti inú igbó wá, láti ìhà ibi tí ọdán ńlá wà. Ẹkún ọmọ tuntun ni. Ó mọ́ gaara. Bí ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi bá mí, ẹkún náà á dúró. Bí ó bá tún yanu, ẹkún náà á tún bẹ̀rẹ̀.

Nieves kò tíì rí ojú ọmọ náà. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú òógùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e fún mi. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sunkún ni?"

Mo gbé e fún un. Mo wo ojú àbúrò mi nígbà tó wo ẹnu ọmọ rẹ̀, tí etí rẹ̀ sì ṣì wà níta. N kò fẹ́ rántí ojú náà. Lórí ilé, àwọn ẹyẹ ti lọ.

A sọ ọ́ ní Ursula, orúkọ ìyá wa. Wọ́n gbé e dé erékùṣù Saipan, wọ́n gbé e dé Guam. Àwọn dókítà wo ọ̀fun rẹ̀, wọ́n wo etí rẹ̀, wọ́n ní kò sí àbùkù kan. Ó kàn jẹ́ pé kò lóhùn ni. A kò sọ ohun tó wà nínú igbó fún wọn. Kí la fẹ́ wí?

Lóru, Ursula á jí, á sunkún láìdún, Nieves kò ní jí. Ẹkún inú igbó ló ń jí i. Bí a bá wà lọ́nà jíjìn tí a kò lè gbọ́ igbó, tọ̀sán-tòru ni Nieves máa ń la ojú sílẹ̀, tí yóò máa wo ẹnu ọmọ. Nígbà tó yá, ó ń lọ sí igbó fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán. Bí ohùn náà bá sunkún, ọyàn rẹ̀ á máa ṣẹ̀. Á padà wálé, iwájú aṣọ rẹ̀ tutù, á fi ọyàn sí ẹnu ọmọ tó ni ẹkún.

Ohùn náà ń dàgbà. Ó ń sọ ba-ba. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Ursula bá ń rẹ́rìn-ín. Mo rí ẹni tó ń sọ ọ́: ọ̀kan nínú àwọn kannakánná méjèèjì ni, lórí ọdán, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọjọ́ kan, Ursula ti pé ọdún mẹ́ta, a jọ ń ṣa gbẹ̀rẹ̀fútù tó bọ́ sílẹ̀ létí igbó. Ohùn náà pè láti inú lọ́hùn-ún.

"Màmá!"

Nieves da gbẹ̀rẹ̀fútù sílẹ̀. Ursula wo ìyá rẹ̀. Ó wo igbó. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan àyà ara rẹ̀, ó fi kàn án lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ó ń sọ pé, èmi ni, èmi ni mo pè yín. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún. N kò mọ èyí tó dá lóhùn, ọmọ ni tàbí ohùn náà.

Ọjọ́ yẹn ni Eliseo lọ yá ìbọn tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín. Ó ti wà ní ìdí ọdán kí a tó bá a. Nieves lọ dúró síwájú ìbọn náà.

"Yìn ín," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa sọ fún ọmọ ẹ ibi tí ohùn ẹ̀ wọlé sí."

"Nieves, ẹyẹ ni."

"Mo ní kó o yìn ín."

Ó gbé ìbọn sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di etí rẹ̀. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tó lọ wáṣẹ́ sí Saipan. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń kọ̀wé sí wa, ó ń bèèrè ọmọ. Kò lè gbé ibi tí yóò ti máa gbọ́ ohùn náà ni.

Ursula ti pé ọdún méje nígbà tí ọmọbìnrin ọ́fíìsì tún wá ka ẹyẹ. Kò so ríbọ́nì kankan. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo ló kù lápá ọ̀dọ̀ wa, èkejì rẹ̀ ti sọnù, ìyẹn náà sì ti ń gbó. Ó ní kannakánná kì í pẹ́ láyé tó ènìyàn.

Ó ti lọ tán kí Nieves tó sọ̀rọ̀.

"Bó bá kú ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Mo ń ro ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Bí a kò bá lè fi ìbọn gba ohùn náà, bí dókítà kò bá rí i, ẹnu tó fi í tọrẹ ló yẹ kó lọ bẹ̀bẹ̀. Àwọn Ará Ìṣáájú kò jí i. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú un, kí wọ́n má bèèrè. Mo tò ó jọ dáadáa: ẹ dárí jì wá nítorí ọmọ ẹyẹ, ẹ dá ohùn ọmọ wa padà, bí ẹ bá fẹ́ pàṣípààrọ̀, àgbà ni mí, mo ti lo tèmi tó, ẹ gba tèmi. Ẹ̀bẹ̀ tó dára ni. N kò tíì to ọ̀rọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo mú Ursula lọ́wọ́ ní ọ̀sán, kí wọ́n lè rí ẹni tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. A dúró ní ìdí ọdán. Ẹyẹ náà wà lókè. Kò fò. Ìyẹ́ ojú rẹ̀ ti ṣá. Ó yí orí rẹ̀ wò mí.

Ènìyàn kì í dé ọ̀dọ̀ àgbà kó má kí wọn. Mo ká ọwọ́ mi sí àyà. Bí ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe, bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. N kò rò ó. Ẹni tó ti ń sọ ohun kan fún ọgọ́ta ọdún kì í rò ó mọ́.

"Ẹ̀yin Ìyá-ńlá, ẹ̀yin Bàbá-ńlá," mo ní, mo sì sọ ọ́ lọ, n kò fo ọ̀kan, n kò gé ọ̀kan kúrú, títí mo fi dé òpin rẹ̀. "Ohun tó bá wù yín nínú ohun tó jẹ́ tèmi, ẹ mú un, ẹ má bèèrè."

Mo gbọ́ ọ bó ti ń jáde. Mo fẹ́ gbá a mú.

Mo yanu láti sọ pé, ẹ dúró, kì í ṣe èyí ni mo wá sọ. Ẹnu mi ṣí. Èémí jáde. Ahọ́n mi ń lọ. Kò sí ohùn. Ursula gbójú sókè wò mí. Ó mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́fun, jẹ́jẹ́.

Lókè, ẹyẹ náà ya ẹnu rẹ̀. Ohùn mi ló jáde. "Mo kí ọ, Màríà," ni ó wí, bí mo ti ń wí i, pẹ̀lú ìgbéraga mi tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó dé ìdajì, ó dákẹ́, bí mo ti máa ń dákẹ́ kí àwọn ènìyàn lè gbà á. Láti inú igi kan náà, ohùn ọmọ wa dáhùn, "Màríà Mímọ́," ó sì parí rẹ̀ láìṣìṣe.

Ọdún méjì nìyẹn. Ọmọ Tun Gorio obìnrin ló ń ṣíwájú àdúrà òkú báyìí. Ó ń fo àwọn kan. N kò lè bá a wí.

Ẹ̀bẹ̀ tí n kò lè sọ, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti fi ríbọ́nì pupa yẹn so ó mọ́ ọdán. Òjò fọ̀ ọ́. Mo kọ òmíràn. Òjò tún fọ̀ ọ́. N kò mọ̀ bóyá Àwọn Ará Ìṣáájú mọ ìwé kà. Ẹyẹ náà kò tíì kú. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, kannakánná tó gbó tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ursula bá mi níbi tí mo gbé ń kọ ọ̀kan. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ó sì mọ̀wé dáadáa. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ohùn ọmọ náà padà. Tèmi, ẹ máa mú lọ." Ó wo ojú mi pẹ́. Ó mú bírò lọ́wọ́ mi. Ó kọ ọ́ sábẹ́ tèmi pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá:

"Rárá, Màmá Àgbà. Bí tèmi bá padà wálé, ta ni yóò máa dá yín lóhùn níbẹ̀?"

N kò so ìyẹn mọ́ igi. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Ọ̀sán ti pọ́n bí mo ti ń kọ èyí. Atẹ́gùn ti dúró. Mò ń gbọ́ ara mi nínú igbó, mo ti dé ìpín kẹrin Rósárì, n kò fo ọ̀kan. Ọmọ náà ń dáhùn. Ursula gbórí lé mi nítan, ètè rẹ̀ ń mì. Nínú ilé ìdáná, Nieves ti sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná, kí ariwo híhó rẹ̀ má baà bo ohùn méjèèjì mọ́lẹ̀.